Carolus Clusius, àgbà onímọ̀ ewéko ní Leiden: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ta ni Clusius?

Orúkọ tí òbí rẹ̀ sọ ọ́ ni Charles de l'Écluse. Àwọn ọ̀mọ̀wé ayé ìgbà náà a máa yí orúkọ wọn sí èdè Látìnì, òun náà sì ṣe bẹ́ẹ̀: Carolus Clusius ló ń kọ sára ìwé rẹ̀. Wọ́n bí i ní Arras ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 1526. Leiden ló kú sí ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin ọdún 1609, nígbà tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Kò fẹ́yàwó rí.

Òfin ló kọ́kọ́ kà ní Leuven, ó sì gba oyè níbẹ̀ ní 1548. Ó lọ sí Marburg àti Wittenberg ní Jámánì, ó wá já sí Montpellier ní gúúsù Faransé ní 1551. Ilé Guillaume Rondelet, ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣègùn tó tún kọ̀wé ńlá nípa ẹja, ló dé sí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Rondelet a máa jáde lọ sí pápá àti etí òkun lọ wo nǹkan fúnra wọn, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ewéko ti wọ Clusius lára. Ó kọ́ ìṣègùn lóòótọ́, àmọ́ kò fi í jẹun.

Ṣé ará Nẹ́dálándì ni, àbí Faransé ló ni ín?

Arras wà lábẹ́ Faransé lónìí. Ní 1526, abẹ́ Charles Karùn-ún ló wà, pa pọ̀ mọ́ àwọn ìgbèríko tí Nẹ́dálándì àti Bẹ́ljíọ̀m òde òní ti jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún àwọn méjì tí wọ́n sábà máa ń dárúkọ mọ́ ọn: Rembert Dodoens ará Mechelen (1517–1585) àti Matthias Lobelius ará Lille (1538–1616). Ẹni tó bá ń jà lórí orílẹ̀-èdè àwọn mẹ́ta yìí, ààlà tí kò sí nígbà ayé wọn ló ń jà lé. Nẹ́dálándì ń pè é ní tirẹ̀ torí pé Leiden ló ti lo nǹkan bí ọdún 16 tó kẹ́yìn ayé rẹ̀, ọgbà tó gbìn síbẹ̀ sì wà títí dòní.

Kí ló yà á sọ́tọ̀ sí àwọn tó ṣáájú rẹ̀?

Kí òun tó dé, ìwé oògùn ni ìwé ewéko. Ìwé Dioscorides, oníṣègùn Gíríìkì tó gbáyé ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún àti ààbọ̀ ṣáájú, ni gbogbo wọn ń tọ̀ lẹ́yìn. Ewéko agbègbè òkun Mẹditaréníà ni Dioscorides sì mọ̀ jù. Ẹni tó bá rí ewé kan ní igbó Antwerp tàbí lórí òkè Austríà á fi tipátipá wá orúkọ fún un nínú ìwé náà, bí ẹni tó mú fìlà ọmọdé tó ń kì í bọ àgbàlagbà lórí. Àṣìṣe ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ewé méjì tí kò bára tan a máa jẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, apòògùn a sì wọn èyí tí kò kan àìsàn náà fún aláìsàn, tàbí èyí tó ń pani.

Clusius kọ̀wé nípa ewéko torí pé ewéko ni. Ìbáà wo àrùn, ìbáà má wo nǹkan kan, bó bá ti rí i, tí kò sì sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni, yóò kọ ọ́. Lójú tiwa, èyí ju gbogbo ọ̀rọ̀ tùlíìpù, òdòdó tí wọ́n sábà máa fi ń rántí rẹ̀, lọ.

Báwo gan-an ló ṣe ń ṣàpèjúwe ewéko kan?

Ẹ mú èyíkéyìí nínú ìwé rẹ̀, ẹ ó rí i pé ojú ọ̀nà kan náà ló ń gbà. Á bẹ̀rẹ̀ láti ara igi tàbí ẹ̀ka: bó ṣe ga tó, bóyá ó dúró ṣánṣán tàbí ó ń fà nílẹ̀. Ìka, àtẹ́lẹwọ́, ẹsẹ̀ àti ìgbọ̀nwọ́ ló fi ń wọn nǹkan, ìwọ̀n tí ẹnikẹ́ni lè gbé dání lọ sóko. Ó kan ewé, èyí tó máa ń fi wé ewé mìíràn tí òǹkàwé ti mọ̀. Ó kan òdòdó: iye ewé òdòdó, àwọ̀ rẹ̀ nínú àti lẹ́yìn, òórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àpò irúgbìn, irúgbìn fúnra rẹ̀, gbòǹgbò, àti bó ṣe rí lẹ́nu. Ó wá parí rẹ̀ pẹ̀lú ibi tó ti rí i, irú ilẹ̀ tó fẹ́ràn, oṣù tó ń tanná, àti orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè é.

Orúkọ àwọn ará ibẹ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ní Húngárì, ó jókòó ti oníwàásù kan tó ń jẹ́ István Beythe, wọ́n sì kó orúkọ ewéko ní èdè Látìnì àti ti Húngárì jọ sínú ìwé pẹlẹbẹ kan tó jáde ní 1583. Wọ́n ṣì ń fi ìwé náà ṣèwádìí èdè Húngárì di bá a ti ń sọ̀rọ̀ yìí.

Àpèjúwe kì í parí síbi tó ti rí ewéko lẹ́ẹ̀kan. Ó máa ń mú irúgbìn rẹ̀ lọ gbìn nínú ọgbà, kó lè rí i bóyá àwọ̀ àti gíga tó rí lóko jẹ́ ti ewéko náà ní tòótọ́, tàbí ilẹ̀ ibẹ̀ ló fà á. Èyí tó ń da àwọn ẹlòmíràn láàmú ni pé ewé gbígbẹ nìkan ni wọ́n ń rí. Òdòdó aláwọ̀ búlúù a máa pàwọ̀ dà bó bá gbẹ, òórùn a lọ, gbòǹgbò a fún pọ̀.

Àwọn ibo ló rìn dé?

Ìrìn àjò tó sọ ọ́ di olókìkí ni ti Spéìn àti Pọ́rtúgàl ní 1564 àti 1565, nígbà tó tẹ̀ lé Jakob Fugger, ọmọ ìdílé olówó ńlá ní Augsburg. Nǹkan bí igba ewéko tí kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni ló bá bọ̀. Ìwé rẹ̀ kò jáde títí di 1576, ní ilé ìtẹ̀wé Plantin ní Antwerp.

Ní 1573, Ọba Maximilian Kejì pè é wá sí Vienna kó wá ṣètò ọgbà ààfin. Ọba náà kú ní 1576, ọmọ rẹ̀ Rudolf Kejì kò sì fẹ́ òun àti ọgbà rẹ̀, ni wọ́n bá dá a dúró. Clusius kò kúrò ní Vienna. Ó ń gun àwọn òkè Austríà kiri, Ötscher àti Schneeberg wà lára wọn, ó sì di ẹni tó kọ́kọ́ kọ nípa ewéko orí òkè ibẹ̀ yékéyéké. Ìwé nípa Austríà àti Húngárì jáde ní 1583. Ó kó lọ sí Frankfurt ní 1588, ó sì dé Leiden ní oṣù Kẹwàá 1593. Nígbà yẹn ìbàdí rẹ̀ ti yẹ̀ nínú ìṣubú kan, ọ̀pá ló fi ń rìn.

Ṣé òótọ́ ni pé iṣẹ́ ògbufọ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀?

Òótọ́ ni. Dodoens kọ ìwé ewéko rẹ̀ ní èdè Dutch ní 1554, Clusius sì túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé ní 1557. Àmọ́ èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ti Garcia de Orta, oníṣègùn ará Pọ́rtúgàl tó gbé ní Goa ní Íńdíà. Ìwé Garcia nípa oògùn àti èròjà ọbẹ̀ ilẹ̀ Íńdíà jáde ní Goa ní 1563, ní èdè Potogí. Clusius bá ẹ̀dà kan pàdé nígbà tó wà ní Pọ́rtúgàl. Bí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ láàárín ẹni méjì ni Garcia ṣe kọ ọ́. Clusius yọ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ kúrò, ó gé e kúrú, ó fi àlàyé tirẹ̀ àti àwòrán kún un, ó sì tẹ̀ ẹ́ ní Látìnì ní 1567. Látìgbà náà ni gbogbo oníṣègùn Yúróòpù ti lè kà á. Ó ṣe bákan náà fún ìwé Nicolás Monardes ará Seville nípa oògùn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní 1574.

Ta ló ya àwọn àwòrán inú ìwé rẹ̀, báwo ni wọ́n sì ṣe ń tẹ̀ ẹ́?

Pieter van der Borcht ará Mechelen ló ya èyí tó pọ̀ jù. Yóò ya ewéko sórí pépà, wọn yóò tún un yà sójú pátákó igi líle tí wọ́n ti fá kó dán, agbẹ́gi yóò wá gbẹ́ gbogbo ibi tí kò sí ìlà kúrò, kí ìlà nìkan ṣẹ́ kù bí òkè. Ọ̀bẹ ṣóńṣó ni wọ́n fi ń ṣe é, bó bá sì yẹ̀ nínú ìlà kan, wọ́n ní láti gbẹ́ ihò síbẹ̀, kí wọ́n kan igi tuntun bọ̀ ọ́. Gíga pátákó náà gbọ́dọ̀ bá gíga lẹ́tà òjé dọ́gba. Bó bá ga jù, yóò ya pépà. Bó bá lọ sílẹ̀, àwòrán kò ní hàn dáadáa.

Àwòrán tó wà lójú pátákó máa ń yí padà bó bá dé orí pépà, ọ̀tún á di òsì. Ẹ má bẹ̀rù bí ẹ bá rí ewéko kan náà nínú ìwé méjì tó kọjú síra. Owó gọbọi ni wọ́n ń ná sórí pátákó kọ̀ọ̀kan, nítorí náà Plantin ń lo ọ̀kan náà fún Dodoens, fún Lobelius, àti fún Clusius. Ibẹ̀ ni wàhálà wà: bí òṣìṣẹ́ bá mú pátákó tí kò kan ọ̀rọ̀ ojú-ewé náà, àwòrán ewé kan á wà lórí àpèjúwe òmíràn. John Gerard ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe irú èyí nínú ìwé rẹ̀ ní 1597 lọ́pọ̀ ibi, débi pé wọ́n ní láti pe Lobelius wá tún un ṣe. Àwọn pátákó Plantin ṣì wà ní Antwerp, nínú Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Plantin-Moretus, nǹkan bí 14,000 lápapọ̀.

Ṣé Clusius ló mú tùlíìpù wá sí Nẹ́dálándì?

Rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi gbogbo ni wọ́n ti ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Conrad Gessner, ọ̀mọ̀wé ará Switzerland, ti rí tùlíìpù tó tanná ní Augsburg ní 1559. Clusius fúnra rẹ̀ ló sì sọ ìtàn Antwerp. Ní 1562, ẹrù aṣọ kan ti Constantinople dé (Istanbul là ń pè é báyìí), àlùbọ́sà tùlíìpù (ìdí rẹ̀ tó máa ń wà nínú ilẹ̀, tó jọ àlùbọ́sà) sì wà nínú rẹ̀. Oníṣòwò tó ni aṣọ rò pé àlùbọ́sà jíjẹ ni. Ó sun díẹ̀ nínú ẹ̀yìn iná, ó fi òróró àti ọtí kíkan jẹ ẹ́. Ó ri ìyókù mọ́lẹ̀ láàárín kábéèjì, ó sì gbàgbé wọn. Joris Rye, oníṣòwò ará Mechelen tó fẹ́ràn ọgbà, ló kó ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù lọ, ọpẹ́lọpẹ́ rẹ̀ la fi mọ àwọ̀ wọn.

Ohun tí Clusius ṣe yàtọ̀. Ní Vienna, ó gba irúgbìn púpọ̀ lọ́wọ́ Ogier Ghiselin de Busbecq, ẹni tó ti ṣe ikọ̀ ọba lọ sí ilẹ̀ Túrkì. Ó gbìn wọ́n, ó ń ṣọ́ wọn lọ́dọọdún, ó pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tó ń tètè tanná, èyí tó ń pẹ́, àti èyí tó wà láàárín. Ó ń fi wọ́n ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ ní ìlú púpọ̀. Ó gbìn wọ́n sí Leiden ní 1593, wọ́n sì tanná ní ìgbà ìrúwé 1594. Òdòdó yẹn ni wọ́n ń rántí.

Ẹ má sì tìtorí ìtàn Antwerp jẹ ẹ́. Clusius pàápàá ní kí apòògùn kan ní Frankfurt fi ṣúgà sè é wò, ó sì ní ó dùn. Ṣùgbọ́n ara àlùbọ́sà náà ní èròjà tó ń mú ọwọ́ wú fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí rẹ̀, ìyàn ló sì mú kí àwọn ará Nẹ́dálándì jẹ ẹ́ ní òtútù 1944 sí 1945.

Kí ló dé tí irúgbìn fi ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tí àwọ̀ òdòdó sì ń yí padà?

Ọ̀nà méjì ni tùlíìpù ń gbà bí sí i. Àkọ́kọ́ ni irúgbìn. Àpò rẹ̀ á gbẹ, á sì là lẹ́yìn ìgbà òdòdó. Irúgbìn inú rẹ̀ pẹlẹbẹ, ó to léra. Wọ́n ń fọ́n ọn ní ìgbà ìwọ́wé sínú ilẹ̀ oníyanrìn, wọ́n ń fi erùpẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, òtútù á sì jí i. Lọ́dún àkọ́kọ́, ewé kan ṣoṣo tó rí bí okùn ló ń yọ. Àlùbọ́sà abẹ́ rẹ̀ kò ju hóró àgbàdo lọ. Ó ń tóbi díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún, òdòdó kì í sì í yọ títí di ọdún karùn-ún sí ìkeje. Bí omi bá dúró sídìí rẹ̀, ó rà. Bí eku bá gbọ́ òórùn rẹ̀, ó tán. Àwọ̀ tó máa jáde kò dájú, torí ọmọ kì í fìgbà gbogbo jọ ìyá.

Ọ̀nà kejì ni ọmọ ẹ̀gbẹ́, bí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àlùbọ́sà ìyá á kú lẹ́yìn òdòdó, á sì fi tuntun kan àti àwọn ọmọ kéékèèké rọ́pò ara rẹ̀. Àwọn ọmọ yìí á tanná láàárín ọdún kan sí mẹ́ta, wọ́n á sì jọ ìyá wọn gẹ́lẹ́.

Nígbà mìíràn, tùlíìpù tó ti ń tan pupa fún ọdún púpọ̀ á ṣàdédé ní ìlà funfun bí iná tó ń jó. Clusius kíyè sí i pé irú òdòdó bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kó tó kú: ó kọ ọ́ pé ṣe ló dà bíi pé ó fẹ́ fi àwọ̀ yẹn dágbére fún olówó rẹ̀. Àkíyèsí tó jinlẹ̀ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ìdí rẹ̀. Ní 1928 ni Dorothy Cayley ní England fi hàn pé àrùn tó ń ràn ni. Fáírọ́ọ̀sì ni, àwọn kòkòrò kéékèèké tó ń fa omi ewé mu ló sì ń gbé e kiri. Kì í bá irúgbìn lọ, ọmọ ẹ̀gbẹ́ ló ń bá lọ. Ó ń dín agbára àlùbọ́sà kù, kò jẹ́ kó bímọ púpọ̀, èyí tó lẹ́wà jù ló wá ṣọ̀wọ́n jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rí tùlíìpù onílà lọ́jà òde òní, àbímọ́ ni ìlà tiwọn, kì í ṣe àrùn.

Ṣé òun ló dá ìjà owó tùlíìpù sílẹ̀?

Rárá. Ó ti kú fún nǹkan bí ọdún 28 nígbà tí owó tùlíìpù, tí ìdíje àwọn olùrà ní Nẹ́dálándì ti gbé ga fíofío, já wálẹ̀ ní oṣù Kejì 1637. Wọ́n jí òdòdó rẹ̀ nínú ọgbà, ìyẹn dájú, ó sì ráhùn nípa rẹ̀ nínú lẹ́tà rẹ̀. Àwọn kan ní ahun ni, pé owó gegere ló ń bù lé wọn. Ẹni tó fi àlùbọ́sà ta ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́rẹ láti Vienna dé Antwerp kò jọ ahun lójú wa.

Báwo ni ọgbà Leiden ṣe rí?

Yunifásítì Leiden bẹ̀rẹ̀ ní 1575, wọ́n sì dá ọgbà ewéko sílẹ̀ ní 1590. Bernardus Paludanus, oníṣègùn ará Enkhuizen, ni wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀ kó wá bójú tó o, kò wá. Ni wọ́n bá bẹ Clusius. Marie de Brimeu, ọmọ-ọba obìnrin ti Chimay tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Clusius, wà lára àwọn tó rọ̀ ọ́ títí tó fi gbà. Wọ́n yọ̀ǹda pé kò ní láti kọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Pieter Pauw ló ń kọ́ wọn nínú ọgbà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí òtútù bá dé, á lọ máa la òkú fún wọn wò.

Ẹni ọ̀pá kò lè máa ro oko. Dirk Outgaertsz Cluyt, apòògùn ará Delft, ló fọwọ́ ṣiṣẹ́ náà, òun ló sì ń rí sí ìtọ́jú rẹ̀ lójoojúmọ́. (Cluyt yìí kan náà ló kọ ìwé nípa oyin ní èdè Dutch ní 1597.) Ọgbà náà kò tóbi: nǹkan bí mítà 35 ní ìbú, mítà 40 ní òòró. Wọ́n fi ọ̀nà pín in sí igun mẹ́rin, igun kọ̀ọ̀kan sí àwọn ebè gígùn tóóró. Àkójọ tí wọ́n ṣe ní 1594 ní ewéko tó lé ní 1,000 nínú, pẹ̀lú ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Nítorí pé ebè tóóró, èèyàn lè na ọwọ́ kan gbogbo ewéko láìtẹ ilẹ̀ ìdí rẹ̀. Oògùn nìkan kò sí nínú rẹ̀ bíi ti àwọn ọgbà yunifásítì mìíràn. Òdòdó tó wà fún ojú lásán pọ̀ níbẹ̀.

Òtútù ló ń dààmú wọn jù. Ewéko ilẹ̀ gbígbóná kò lè la oṣù Kejìlá kọjá níta, nítorí náà wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn gígùn kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ní nǹkan bí 1600, wọ́n ń gbé àwọn ìkòkò wọlé síbẹ̀, wọ́n sì ń kó awọ ẹranko àti èso gbígbẹ ilẹ̀ òkèèrè síbẹ̀ fún ìwòran.

Kí ló kàn án nínú ọ̀rọ̀ ànàmọ́ òyìnbó?

Ní oṣù Kìíní 1588, Philippe de Sivry, alákòóso ìlú Mons, fi ànàmọ́ òyìnbó méjì àti èso rẹ̀ kan ránṣẹ́ sí i ní Vienna. Ó fi àwòrán rẹ̀ tẹ̀ lé e lọ́dún kejì, àwòrán náà sì wà ní Antwerp títí di òní. Clusius gbìn ín, ó pín in kiri Jámánì, ó sì ṣàpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé ńlá rẹ̀ ti 1601. Òun kọ́ ló kọ́kọ́ tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde, torí Gerard ti ṣáájú rẹ̀ ní 1597.

Ó tún kọ̀wé nípa olú?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà lẹ́yìn ìwé 1601 yẹn. Ó pín olú Húngárì sí ọ̀wọ́ 21 tó ṣeé jẹ àti ọ̀wọ́ 26 tó léwu. Balthasar Batthyány, ìjòyè ilẹ̀ Húngárì, ló ṣonígbọ̀wọ́ àwòrán ọlọ́dà tó dára gan-an fún un, ṣùgbọ́n wọ́n sọ wọ́n nù nílé ìtẹ̀wé, ìwé náà sì jáde pẹ̀lú àwòrán igi díẹ̀. Wọ́n rí wọn lẹ́yìn-ò-rẹyìn, wọ́n wà ní yunifásítì Leiden báyìí. Ẹ má fi ìwé yẹn ṣa olú o.

Kí ló ní kí àwọn awakọ̀ òkun máa kó bọ̀?

Wọ́n dá VOC, ilé-iṣẹ́ òwò àwọn Dutch tí ọkọ̀ wọn ń lọ sí Éṣíà, sílẹ̀ ní 1602, Clusius sì kọ ìtọ́ni fún àwọn apòògùn àti oníṣẹ́ abẹ inú ọkọ̀ wọn. Kí wọ́n gé ẹ̀ka pẹ̀lú ewé, èso àti òdòdó, kí wọ́n tẹ́ ẹ sáàárín pépà, kí wọ́n sì kọ bí igi náà ṣe ga tó àti orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Ohun tó rí gbà wọ inú ìwé rẹ̀ ti 1605, níbi tó tún ti ṣàpèjúwe ẹyẹ dodo ti Mauritius. Ẹsẹ̀ ẹyẹ náà nìkan ló rí fúnra rẹ̀, nílé Pauw.

Kí ló pa òun àti orógbó pọ̀?

Orúkọ ni. Igi kan wà ní erékùṣù Karíbíánì tí wọ́n sọ ní Clusia láti fi rántí rẹ̀. Ní Cuba, copey ni wọ́n ń pe irú kan nínú wọn. Ewé rẹ̀ le débi pé èèyàn lè fi ìṣó kọ orúkọ sí i lára, kí ó má parẹ́. Òfin ìsọlórúkọ ewéko ní kí orúkọ ẹbí sábà máa ti ara ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ jáde, bẹ́ẹ̀ ni ẹbí náà ṣe di Clusiaceae. Garcinia kola, orógbó wa, wà nínú ẹbí yìí. Bí ẹ bá ṣá èèpo igi àwọn ẹbí yìí, oje tó ń lẹ̀ ló sábà máa ń jáde, èyí ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀.

Àṣìṣe méjì ló máa ń wáyé níbí. Àwọn kan rò pé Garcia de Orta ni Garcinia ń rántí. Kì í ṣe òun, Laurent Garcin tó ṣiṣẹ́ ìṣègùn nínú ọkọ̀ VOC ni. Èkejì, "kola" tó wà lẹ́yìn orúkọ orógbó kò sọ ọ́ di ìbátan obì. Ẹbí ọ̀tọ̀ ni obì, òun àti kòkó ló jọ wà. Ẹni tó bá là wọ́n á ti mọ̀: obì lawẹ́, orógbó kò lawẹ́. Ìran àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lọ sí Brazil ṣì ń pe orógbó ní orobô nínú Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà ibẹ̀.

Ìyèré náà ti jẹ́ orúkọ rẹ̀ rí. Piper guineense ni orúkọ tó fìdí múlẹ̀, ṣùgbọ́n nínú àwọn ìwé àtijọ́ ẹ lè bá Piper clusii pàdé. Ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ṣé mo lè gbin tùlíìpù nílé?

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ dúró di oṣù Kọkànlá. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó ìlọ́po mẹ́ta gíga àlùbọ́sà náà, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 15, kí ẹnu rẹ̀ tó ṣóńṣó kọjú sókè. Ẹni tó bá gbìn ín ní oṣù Kẹsàn-án sínú ilẹ̀ tó ṣì gbóná ń wá àrùn tó ń mú ewé dà bí èyí tí iná jó. Bí òdòdó bá tán, ẹ gé orí rẹ̀, ẹ má gé ewé: ewé yẹn ló ń bọ́ àlùbọ́sà ọdún tó ń bọ̀.

Ní Ìbàdàn tàbí Èkó, òtútù tó yẹ kò sí. Ẹ fi í sínú fìríìjì ní nǹkan bí digíríì 5 fún ọ̀sẹ̀ 12 sí 14, nínú àpò pépà, kí ápù tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ má wà níbẹ̀, torí gáàsì tó ń jáde lára èso ń pa òdòdó tó wà nínú àlùbọ́sà. Ẹ gbé e jáde nígbà ọyẹ́, kẹ́ ẹ gbìn ín síbi òjìji. Ẹ̀ẹ̀kan ló máa tanná, bóyá pẹ̀lú igi kúkúrú, kò sì ní padà.

Fún àwọn tó wà ní Houston tàbí ibi tí òtútù kò ti mú jù, ẹ béèrè Tulipa clusiana. Ó kéré, ewé òdòdó rẹ̀ funfun nínú, ó pupa lẹ́yìn, kò sì béèrè òtútù tó bíi ti àwọn ńláńlá. Matteo Caccini ti Florence ló fi í ránṣẹ́ sí Clusius ní 1606, ó sì tanná ní Leiden lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí baba náà ti pé ẹni ọdún 81.